Akàn Ọlọ́wọ́ Kan àti Èèkàn Òjò

Àwẹ̀ró, ìyàwó ilé Agbọ́ngbọ̀n, ni wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ ní ìlú Ìràwé, ní ọdún tí òjò kan ṣoṣo já lu ẹ̀ẹ̀rùn ní oṣù Èrèlé. Òwe tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà títí di òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pe orúkọ rẹ̀ kí á tó pa òwe rẹ̀.

Ìràwé jìnnà sí odò. Etí odò tí ó sì wà, àwọn ìdílé ńláńlá ti pín in láàárín ara wọn kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tí ó wà láyé nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tí ó ní àkùrọ̀ létí odò a máa jẹ ẹ̀fọ́ tútù. Àwọn yòókù a máa fi ilá gbígbẹ ṣe ọbẹ̀, wọn a sì máa wojú sánmà. Ilé Agbọ́ngbọ̀n wà lára àwọn tí ń wojú sánmà.

Àwọn ọkùnrin ilé náà a máa lo ẹ̀ẹ̀rùn ní oko ẹgàn. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni ó ń ṣẹ́ kù sílé, Ojúọlápé, ìyálé Àwẹ̀ró, sì ni olórí wọn. Ojúọlápé sanra, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ Baálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlú etí odò ni wọ́n ti gbé Àwẹ̀ró wá ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí ó lò nílé ọkọ kò ṣeé gbàgbé fún un: ètè àwọn ọmọ ń là, ara wọn funfun bí ẹni tí ó yí nínú eérú, ọmọ tirẹ̀ sì ń yí ojú kúrò lára ọbẹ̀ tí kò ní ewé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn kejì kò ní bá òun lófo.

Lẹ́yìn ilé náà ni kòtò kan wà, níbi tí àwọn baba ńlá ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé. Igbó ti bò ó, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà wọlé, tí òjò ń dágbére, tí àwọn ènìyàn ti ká àgbàdo ìkẹyìn tí wọ́n sì ń nara, ni Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ lọ sí ìdí kòtò náà. Ó ṣán igbó rẹ̀. Ó la ojú àgbàrá láti ẹ̀yìn balùwẹ̀ dé ibẹ̀, ó la òmíràn láti ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ó tún la òmíràn láti ibi tí wọ́n ti ń fọ irú. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí òjò tí ó kù lókè kò pọ̀, ó sì fẹ́ kí ìwọ̀nba tí ó kù náà bá kòtò ní ìmúra. Ó la igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti bẹ́ orí rẹ̀ sí méjì, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀, nítorí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa gba omi sínú bí ìkòkò. Ó kó ewé tí ó ti jẹrà wá láti ààtàn, ó da eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé e. Koríko gbígbẹ tí yóò fi bo gbogbo rẹ̀, kí oòrùn má baà rí omi fà mu, ó ti dì í jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ojúọlápé gbé àpótí jáde, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò ó.

“Ìyàwó,” ni ó wí, “ta ló kú tí o ń gbẹ́ ilẹ̀ fún?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá mi. Àkùrọ̀ ni mo ń ṣe.”

Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há Ojúọlápé lọ́fun. Ó pe àwọn obìnrin ilé jáde kí wọ́n wá gbọ́. Ó ní ìyàwó àwọn ń ṣe àkùrọ̀ láìní odò. Bí ó bá di ọ̀la, yóò gun ẹṣin láìní ẹṣin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ọkọ́ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Ẹ̀gbẹ́ kan kòtò náà ti sán, omi ń gba ibẹ̀ jò lọ. Ẹrẹ̀ dúdú tí ń lẹ̀, irú èyí tí ó wà létí odò, ni ó lè dí i. Ó bẹ Ojúọlápé pé kí ó bá òun lọ rù ú. Ojúọlápé ní òun kò lọ, ó tún rò ó wò pé àwọn obìnrin tí òun yóò pàdé lójú ọ̀nà odò kò ní ṣàìní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu, ni ó bá wá apẹ̀rẹ̀. Wọ́n rù ú dé. Ojúọlápé sì fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ kí ó bù ú, àfi bí ó ṣe fò sókè tí ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Akàn kan ló bá ẹrẹ̀ wá, ó ti há a níka. Ó ju ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, akàn kò tú. Ó he ẹ̀rúkọ́, ó gbá a. Ọwọ́ kan akàn náà kán, ó kù mọ́ ìka Ojúọlápé. Akàn já bọ́ sínú kòtò, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Gbogbo Ìràwé ni ó gbọ́ ìtàn náà, nítorí Ojúọlápé gbé ìka tí ó wú náà kiri bí ẹni gbé oyè. Ó so ọwọ́ akàn mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u han àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́ pé akàn lè há ènìyàn lẹ́yìnkùlé ní Ìràwé. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní odò ni ó ti lọ jalè tí akàn fi mú un.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìyálé ti yí padà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ òun ti kán sínú kòtò náà, kòtò ti di ti òun. Ó bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ bí ẹni tí ó ni ín. Wọ́n fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó sán, omi dúró. Wọ́n bo koríko. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́, ó sì di ohun tí ará ìta kò lè rí. Nígbà tí ó yá, obìnrin tí ó bá da omi ìfọbọ́ sí ojúde, Ojúọlápé á ké sí i láti inú yàrá, á bi í léèrè bóyá ilé àna rẹ̀ ni ó ń bomi rin. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sá fún ìwẹ̀ nínú ọyẹ́, wọ́n ń sáré lọ wẹ̀ nísinsìnyí, nítorí wọ́n fẹ́ wo bí omi ìwẹ̀ wọn ṣe ń gba ojú àgbàrá sáré wọ abẹ́ koríko.

Ní oṣù Bélú ni wọ́n gbìn ín. Tẹ̀tẹ̀ kọ́kọ́ yọ, ṣọkọ tẹ̀lé e, gbúre ń rá pálá káàkiri bí ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ilá dìde, ìgbá yọ òdòdó, ata dúró létí rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ oṣù Ọ̀pẹ́ ń pa gbogbo ewéko ìlú, tí ọ̀nà ń rú eruku, bí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà náà, ṣe ni afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ sí i lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ já tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọmọ tí ó dúró kí ọbẹ̀ jinná. Ojúọlápé jẹun tán, ó lá ìka tí akàn há, ó ní ọbẹ̀ náà tọ́ sí ìka yẹn ju àwọn yòókù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di oṣù Èrèlé, nígbà tí òjò kan ṣàdédé ṣú, tí ó rọ̀, tí ó sì dá kí àwọn ènìyàn tó kó aṣọ wọlé tán.

Gbádébọ̀ ni orúkọ ẹni tí ó jẹ oyè Olójò nígbà náà. Iṣẹ́ Olójò ni kí ó máa bẹ òjò fún ìlú, kí ìlú sì fún un lẹ́bùn nígbà ìkórè. Ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń dunni ni òfin èèkàn. Òfin náà sọ pé bí òjò bá rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí ó bá tutù létí odò, odò ló ni ín. Ohun tí ó bá tutù níbi tí odò kò sí, òjò ló ni ín, Olójò ni yóò sì bá òjò gbà á. Olójò fúnra rẹ̀ ni yóò mú èèkàn igi ayán tí a so màrìwò mọ́ lórí, tí yóò kàn án mọ́ ilẹ̀ náà. Ibi tí èèkàn bá dúró sí nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé omi òjò mọ. Láti ìgbà náà, ìdajì irè di ti Olójò. Bí wọ́n bá sì ká irè náà tán, ilẹ̀ yóò tẹ̀lé e.

Ẹ wo òfin náà dáadáa. Kò kan àwọn tí ó ní etí odò. Àwọn tí kò ní ni ó ń mú. Wọ́n ti kan èèkàn sí ìdí ewúro ìyá arúgbó kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n ti kan òmíràn sí àárín ata opó kan lẹ́bàá ọjà. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ilẹ̀ wọn lókèèrè bí àlejò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì òjò náà ni Olójò dé ilé Agbọ́ngbọ̀n. Ẹnìkan ti ta á lólobó pé ewé tútù ń bẹ lẹ́yìn ilé wọn. Baálẹ̀ bá a wá, àwọn àgbà ìlú bá a wá, èrò sì tẹ̀lé wọn, nítorí ìgbà tí iṣẹ́ oko kò sí ni. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Ẹnu ya gbogbo wọn. Olójò na ọwọ́ sí ewé náà, ó ní kí àwọn ènìyàn wá fi ojú ara wọn rí ohun tí òjò òun ṣe ní ọjọ́ kan péré.

Ó béèrè ẹni tí ó ni ibẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òun ni, àkùrọ̀ ilé àwọn ni.

“Àkùrọ̀?” ni Olójò wí. “Odò rẹ̀ dà?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n gbọ́ orúkọ tí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. “Àkùrọ̀: ohun tí ó kù lẹ́yìn tí òjò rọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tí ó ni ín.”

Àwọn àgbà kan mi orí. Àwẹ̀ró rí i pé ọgbà náà ń bọ́ lọ́wọ́ òun, àti pé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fẹ́ gbà bọ́.

“Ní ìlú tiwa, Baba,” ni ó wí, “ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù tí ó ṣì rọ̀, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù ti le, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Rírọ̀ ilẹ̀ ni, kì í ṣe rírọ̀ òjò.”

“Ìlú tiyín nìyẹn,” ni Olójò dá a lóhùn.

Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí. Wọ́n ní láti oṣù Ọ̀pẹ́ ni àwọn ti ń jẹ ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Olójò ní ará ilé kì í jẹ́rìí gbe ará ilé. Baálẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ó béèrè bóyá ará ìta kan wà tí ó rí i pé ilẹ̀ náà tutù ṣáájú òjò. Kò sí. Ọgbà tí wọ́n fi lé ewúrẹ́ ti lé ẹlẹ́rìí pẹ̀lú.

Olójò gba èèkàn, ó gbé kùmọ̀. Ó gbá èèkàn náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlẹ̀ dé àárín. Ó tún gbá a, ó rì tán, kìkì màrìwò ni ó kù lókè, kùmọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa Olójò tẹ̀lé e. Ó mú ara dúró. Ó ní kí wọ́n wo bí òjò òun ṣe jìn tó, ó ní láti ìgbà tí ilé àwọn ti ń jẹ oyè, èèkàn kò tíì rì bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ń kọ háà.

Àwẹ̀ró ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, Baba, òjò kan náà ló rọ̀ sí ìta ọgbà yìí. Ẹ bá wa kan òmíràn síbẹ̀, kí á lè mọ bí òjò yín ṣe jìn tó ní tòótọ́.”

Olójò ní kò sí ìdí fún un. Ṣùgbọ́n èrò ti ń rọ́ lọ sí ìta ọgbà, wọ́n ń tì í lọ, inú wọn ti ń dùn. Wọ́n fún un ní èèkàn mìíràn. Ó gbá a, èèkàn ta padà bí ẹni tí ó gún orí àpáta. Ó tún gbá a pẹ̀lú agbára. Èèkàn là sí méjì, ilẹ̀ sì tú eruku sí i lẹ́sẹ̀. Eruku, ní ọjọ́ kejì òjò. Ẹnìkan nínú èrò rọra ní òjò Olójò mọ ilé tí ó ń wọ̀. Ẹ̀rín bú.

Olójò ní ilẹ̀ kòtò rọ̀ ju ilẹ̀ òkè lọ. Ó yára padà sínú ọgbà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti rí i pé màrìwò orí èèkàn àkọ́kọ́ ń mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Ó mì lọ sọ́tùn-ún, ó mì lọ sósì. Omi ti sun yí ìdí èèkàn ká, omi dúdú tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Láti inú omi náà ni akàn kan ti gun òkè wá, ó di màrìwò mú, ó gbé ojú méjèèjì sókè, ó ń wo Olójò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ní.

Lẹ́yìn náà ni Ojúọlápé bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí aṣọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Ó mú ọwọ́ akàn tí ó ti gbẹ jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ síwájú Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín mi ní oṣù Ọ̀wàrà,” ni ó wí. “Ẹ ní ará ilé kì í jẹ́rìí. Ẹ bi akàn, kì í ṣe ará ilé wa. Tàbí òun náà bá òjò àná já bọ́ láti òkè ni?”

Ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn rín lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó dé ọjà. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Àwọn kan di ara wọn mú. Àwọn ọmọ ilé Agbọ́ngbọ̀n ń jó yí ọgbà ká, wọ́n ń kí akàn kú àbọ̀. Baálẹ̀ pàápàá fi etí agbádá bo ẹnu.

Yàtọ̀ sí Olójò, ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

“Baba,” ni ó wí fún Olójò, “omi ti wà níbí kí òjò yín tó dé. Ẹ hú èèkàn yín. Bí ẹ bá hú u tán, ẹ lọ hú èyí tí ó wà ní ìdí ewúro ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ ìlú, kí ẹ hú èyí tí ó wà láàárín ata opó ẹ̀bá ọjà. Ẹ dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn.”

Ẹ̀rín parí. Olójò ń wo akàn. Ó na ọwọ́ sí kùmọ̀ rẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀. Àwẹ̀ró yíjú sí Baálẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ó ti sọ ọ́ ní àkọ́kọ́. Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ìgbà wo ni wọn yóò dá a padà?” Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́. Ọ̀kan ní oòrùn ti ń mú. Wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Olójò ni ó kọ́kọ́ jáde, kò sì sí ẹni tí ó dá obìnrin náà lóhùn.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú èèkàn tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ojúọlápé gbà á, ó fi so ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n èèkàn méjì yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n kàn wọ́n sí, màrìwò orí wọn ń gbẹ.

Àwọn àgbà tí wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró di òwe, òun ni wọ́n sì ń pa títí di òní pé: àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i.